Sọ́ńdè Aṣọ

Bí ẹ bá fẹ́ rí àgbàlagbà tó mọ ẹkún sun, ìjọ wa ló yẹ kí ẹ wá ní Sọ́ńdè Aṣọ. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà. Ẹni tó bá ti gba Òmù-Àrán lọ sí Òkè-Onígbìn rí ti gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá, bóyá ó tilẹ̀ ra iṣu lọ́wọ́ wa. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìkórè, Dáníẹ́lì Bámigbóyè, Bàbá Ìjọ, tó tún jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, á dìde níwájú pẹpẹ, á yọ awò ojú rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Ìtàn náà kò gùn. Láyé àwọn Òyìnbó, nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó gba Jésù. Àwọn àgbà ilé ní kó wá bá wọn ṣe ọdún egúngún, ó ní òun ò ṣe é mọ́. Wọ́n nà án ní pàṣán lábẹ́ igi oṣè. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún un níná, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a nájà. Inú ìyà yẹn ló wà tí ìyá rẹ̀ fi kú. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ìyá bá kú, ọmọ tó ti tójú bọ́ á mú aṣọ wá, aṣọ àwọn ọmọ ni wọ́n fi ń wé òkú náà. Ọmọ tí aṣọ rẹ̀ kò bá bá ìyá rẹ̀ lọ, wọ́n á ní kò ní ìyá. Dáníẹ́lì mú aṣọ tirẹ̀ wá. Àwọn àgbà ní kó kọ́kọ́ wí i lójú gbogbo ayé pé òun kọ Jésù. Ó ní, "Mo gbọ́, mo sì gbà gbọ́. Mi ò lè sọ pé mi ò gbọ́." Wọ́n ju aṣọ náà lù ú láyà.

"Aṣọ mi kò bá ìyá mi lọ!" Ibẹ̀ ni ohùn Bàbá Ìjọ máa ń já, tí omi á sì máa dà lójú rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni èmi máa ń dá orin, nítorí èmi ni olórí orin àwọn obìnrin. Bí mo bá ti dá a, gbogbo ìjọ á máa jó lọ síwájú pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n mú wá fún àwọn opó. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ọjọ́ náà ní Sọ́ńdè Aṣọ. Mo dá orin yẹn títí eyín fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká lẹ́nu mi, ọdún kan kò sì sí tí èmi náà kò sunkún.

Helen ni ìyàwó Bàbá Ìjọ, ìyálé mi. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, iṣẹ́ kíjìpá híhun ló fi ń ṣe ayé rẹ̀. Ẹ má fi kíjìpá ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú mi. Lóòótọ́ ni wọ́n ń sọ pé aṣọ ọ̀lẹ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó sídìí òfì láti àárọ̀ rí kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí Helen bí kò dúró títí tó fi bí Kíkẹ́lọmọ. Òun nìkan ló kù ún kù.

Kíkẹ́lọmọ lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà ní Ìlọrin. Lọ́dún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, tí a ń jó kiri pé a ti bọ́ lọ́wọ́ Kàdúná, ó wálé fún ìsinmi, ó kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó ní òun ti ń kírun. Ẹ jọ̀ọ́, èyí kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Nílé tó kọjú sí tiwa, Jímọ́ọ̀ ni ẹ̀gbọ́n, Jóṣúà ni àbúrò, ìyá kan náà ló bí wọn. Ẹran iléyá àti ìrẹsì Kérésìmesì, ikùn kan náà ni wọ́n ń wọ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Ìjọ kò rí i bẹ́ẹ̀.

"Ọkùnrin wo ló fún ọ ní nǹkan jẹ?"

"Kò sí ọkùnrin kankan, Bàbá. Mo gbọ́, mo sì gbà gbọ́."

Ẹ̀gúsí ni mò ń bó ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Ọwọ́ mi dúró. Mo ní, háà, ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́nu ọmọ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Ó gbọ́ ọ lóòótọ́, nítorí náà ló ṣe fọ́ ọ létí títí ìbòrí fi bọ́ lórí ọmọ náà.

"Bàbá, ìjọba pàápàá ní kálukú lómìnira láti sìn bó ṣe fẹ́."

"Òmìnira ìjọba, jẹ́ kó dúró lọ́dọ̀ ìjọba. Ilé mi rèé."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dìde nínú ìjọ, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá ọmọ òun jẹun, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kí i, ẹni tó bá fún un lómi mu, kó lọ wá ìjọ mìíràn. Àwọn tó gbé e pọ̀n lọ́mọdé gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó fẹ́ pa dà sí Ìlọrin, ọmọ ìjọ wa kan tó ń wa mọ́tò rí i pẹ̀lú àpótí lórí, ó rọra dúró bí ẹni fẹ́ gbé e. Nígbà tí Kíkẹ́lọmọ sáré dé ibẹ̀, awakọ̀ náà tẹná, ó sì da erùpẹ̀ bò ó. Èrò inú mọ́tò rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn. Ìyá rẹ̀ ń wò ó láti ojú fèrèsé, nítorí Bàbá Ìjọ ti sọ fún un pé lọ́jọ́ tó bá tẹ̀lé ọmọ yẹn dé ojú títì, kó má wọlé mọ́.

Kíkẹ́lọmọ ríṣẹ́ tíṣà sí Àjàṣẹ́-Ìpo, ó sì fẹ́ Sàlíhù, télọ̀ kan tí kì í pariwo. Èmi nìkan ni mo lọ síbi ìgbéyàwó náà láti ilé wa. Mo purọ́ pé ẹja ni mo fẹ́ lọ rà. Mo sì ra ẹja lóòótọ́, ẹni tí yóò bá purọ́ gbọ́dọ̀ lè gbé e kalẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn inú dé sí Helen. Ikùn rẹ̀ le, ara yòókù ń gbẹ. Ó ń bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun rí ọmọ òun. Bàbá Ìjọ á jókòó sẹ́bàá ibùsùn, á mú un lọ́wọ́ jẹ́jẹ́, á ní, "Mo lọ́mọ rí. Ó kú." Ẹ wo ìkà tó ń fi ọwọ́ pani lára. Mo máa ń gba ẹ̀yìn lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo lọ́jọ́ ọjà láti sọ bí ara ṣe rí fún ọmọ náà. Nígbà tí mo sọ fún un pé kó má fọkàn sí i mọ́, kò sunkún. Ó gbé òfì tó ti kọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ti ògiri, ó pa owú láró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun kíjìpá. Ó ní aṣọ tí òun ó mú wá kò ní wá láti ọjà.

Mo sọ ọ́ fún Helen létí. Ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ náà, mi ò ì gbàgbé rẹ̀. Ó ní, "Sọ fún un kó má jẹ́ kó fẹ̀ jù o. Mo ti rù."

Nígbà tí Sọ́ńdè Aṣọ kù díẹ̀ ni ó kú.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán dáadáa tí Kíkẹ́lọmọ fi dé. Ó ru aṣọ náà sórí, ó fi ìbòrí dúdú bo irun. Sàlíhù dúró lójú títì, kò fẹ́ kí ojú òun dá kún ìjà. Bàbá Ìjọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Aṣọ ìyá mi nìyí."

"Kí lorúkọ rẹ?"

"Bàbá!"

"Orúkọ rẹ ni mo béèrè."

"Wosilat ni wọ́n ń pè mí níbi àdúrà. Kíkẹ́lọmọ lẹ̀yin sọ mí."

"Wosilat kò ní òkú níbí. Bí Kíkẹ́lọmọ bá wà láàyè, kó bọ́ síwájú àwọn ará ìjọ yìí, kó sọ pé òun kọ ohun tí òun ń sìn, kó wá wọlé wo ìyá rẹ̀."

Ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. "Bàbá, ẹ má gba aṣọ. Ẹ jẹ́ kí n kàn wò ó."

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Wí i."

Gbogbo ìjọ dúró, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Mo rí i tó la ẹnu. Ẹ gbọ́ òtítọ́ mi: mo fẹ́ kó wí i. Mo ní nínú ara mi pé kí ló wà nínú ọ̀rọ̀, ṣebí afẹ́fẹ́ ni, wí i kí o lè rí ìyá rẹ. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Nígbà tó tún máa la á, ó ní, "Bí mo bá wí i, irọ́ ni mo fi sin ìyá mi." Ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ dànù lára aṣọ tó gbé wá, kò gbọn tara rẹ̀, ó sì lọ jókòó sí òdìkejì ọ̀nà.

Àwa obìnrin wọlé lọ wẹ òkú. Ìyá Ọláìyá ló dàgbà jù nínú wa, opó ni, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n bó bá ti di ọ̀rọ̀ òkú, kò sí ẹni tó lè kọ́ ọ. Ó ní ká ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Aṣọ ọmọ yẹn dà?"

Mo ní, "Ìyá, wọ́n ti kọ̀ ọ́ lóde."

"Òde ni wọ́n ti kọ̀ ọ́. A kò sí lóde." Ó bu omi sórí ẹsẹ̀ Helen, ó ń fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. "Ìyàwó tuntun ni mí lọ́jọ́ tí wọ́n wẹ ìyá Dáníẹ́lì. Èmi ni mò ń pọnmi. Àwọn ọkùnrin ju aṣọ Dáníẹ́lì lù ú lóde, wọ́n ṣe bẹbẹ, wọ́n gbọnra. Ìyá Àgbà, olórí àwa obìnrin ilé nígbà yẹn, gba ẹ̀yìnkùlé, ó lọ mú aṣọ náà wá. A tẹ́ ẹ sábẹ́ ìyá rẹ̀, ara mọ́ra, a wá fi ti àwọn ọmọ yòókù bò ó. Ọkùnrin ló ni òde, obìnrin ló ni yàrá òkú. Àwa kì í jẹ́ kí ọlọ́mọ lọ bí àgàn."

Ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. "Ṣé aṣọ Bàbá Ìjọ bá ìyá rẹ̀ lọ ni?"

"Ó bá a lọ."

"Ṣé ó mọ̀?"

"Ta ni yóò sọ fún un? Lọ mú aṣọ ọmọ náà wá kí omi tó tutù."

Mo gbé omi ìdọ̀tí jáde bí ẹni fẹ́ lọ dà á nù, mo sì ju ojú sí Kíkẹ́lọmọ. Ó yí ilé po, ó bá mi lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kó tó gbé aṣọ náà fún mi, ó fi ojú rẹ̀ bọ inú rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ìyá Kékeré, ẹ jẹ́ kó kàn án lára." Mo fi í sábẹ́ ìró mi wọlé.

A tẹ́ ẹ. Aró rẹ̀ dúdú, ó ń dán, ara Helen tó ti gbẹ sùn sínú rẹ̀ wẹ́rẹ́. Kò fẹ̀ jù, kò sì kéré. Ọmọ yẹn gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ rán mi. A wọ Helen ní ẹ̀wù funfun lé e lórí, a fi aṣọ ìjọ bò ó. Ìyá Ọláìyá fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó parí."

Ilẹ̀kùn ṣí.

Kò sí ọkùnrin tó ń wọ ibi tí wọ́n ti ń wẹ òkú obìnrin. Ọba kò wọ ọ́. Dáníẹ́lì Bámigbóyè wọ ọ́, kò kan ilẹ̀kùn, kò wúkọ́. Kò wo ojú ìyàwó rẹ̀ rárá. Ibi ẹsẹ̀ ló lọ tààrà, ó gbé aṣọ funfun sókè, ó rí etí kíjìpá náà, ó dì í mú.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ ó ṣe é."

Ó fà á. Helen yí, orí rẹ̀ kan pátákó gbàgà. Ohùn yẹn ṣì wà létí mi. Mo kígbe. Ó fi ẹsẹ̀ kan ti ibùsùn, ó tún fà á, kíjìpá náà yọ tán, ìyálé mi sì dojú délẹ̀ bí ẹni tí kò ní ẹnì kankan láyé.

Ìyá Ọláìyá ní, "Dáníẹ́lì! Ta ló sọ fún ọ?"

"Ìyá Àgbà ni." Ohùn rẹ̀ kò yí pa dà, bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. "Kò pẹ́ tí wọ́n sin ìyá mi tó wá bá mi. Ó ní kí n má sunkún mọ́, aṣọ mi wà lábẹ́ rẹ̀."

Ó ká kíjìpá náà lé apá, ó jáde. Àwa tó kù nínú yàrá kò lè wo ojú ara wa. Gbogbo ọdún yẹn, gbogbo ẹkún yẹn, awò tó ń yọ, ohùn tó ń já: ó mọ̀. Àwọn tó pè ní kèfèrí ṣàánú rẹ̀, ó gba àánú náà, ó sì kọ́ ìjọ lé e lórí pé wọn kò ṣàánú òun.

Wọ́n sin Helen sí itẹ́ òkú ìjọ lẹ́bàá títì. Òjò ti rọ̀, ẹrẹ̀ pọ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ bo ilẹ̀ tán, tí wọ́n ń wá nǹkan fi nu ọwọ́, Bàbá Ìjọ ju kíjìpá náà sí wọn. Wọ́n nu ọwọ́. Wọ́n nu ṣọ́bìrì. Ẹnì kan nu bàtà. Ọmọ rẹ̀ dúró ní òdìkejì ọ̀nà, ó ń wò wọ́n, Sàlíhù dì í mú léjìká. Nígbà tí gbogbo wa tú ká, ó wọ ibẹ̀, ó mú aṣọ náà nílẹ̀, ó ká ẹrẹ̀ náà sínú rẹ̀ bó ṣe wà, ó gbé e lọ.

Sọ́ńdè Aṣọ dé. Ìjọ kún, àwọn ọmọ ìlú tó ń gbé Èkó wálé. Bàbá Ìjọ dìde, ó yọ awò. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn, pàṣán, igi oṣè, iná tí wọn kò fún un. Ó dé ibẹ̀. "Aṣọ mi kò bá ìyá mi lọ!" Ohùn rẹ̀ já níbi tó máa ń já. Gbogbo ojú yíjú sí mi pé kí n dá orin.

Mo dìde. Mo ní, "Bàbá Ìjọ, ẹ parí ìtàn yín. Ẹ sọ ibi tí aṣọ yín sùn."

Ó wọ awò rẹ̀ pa dà. "Ìyá Lawrence, ara rẹ kò yá. Jókòó."

Mi ò jókòó. Mo sọ ọ́ tán, ti ìyá rẹ̀ àti ti Helen, títí kan bí orí ìyálé mi ṣe kan pátákó. Mo ní Ìyá Ọláìyá ni ẹlẹ́rìí mi. Mo wo Ìyá Ọláìyá. Ó wo ilẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn opó tó ń gba aṣọ lọ́jọ́ náà ni, kò sì sí aṣọ mìíràn tí yóò wọ̀ nígbà ọyẹ́. Mi ò bínú sí i. Irọ́ ni, mo bínú sí i gan-an.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìjọ ṣe. Rónkẹ́ tó máa ń gbè mí lórin ló dá a. Ó dá a dáadáa, ohùn rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Wọ́n gbè é, wọ́n ń jó kọjá níwájú mi pẹ̀lú aṣọ lórí, àwọn obìnrin tí a jọ wẹ Helen sì ń fa etí aṣọ wọn mọ́ra kó má baà kàn mí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá mi jẹun. Ọkọ mi, Ọlágúnjú, ní ẹ̀gbọ́n òun ti sọ̀rọ̀, kí ni kí òun sọ. Mo di ẹrù mi, mo lọ sí Òmù-Àrán. Wọ́n ní ìtàn náà ti gùn sí i nísinsìnyí. Bàbá Ìjọ fi kún un bí Sátánì ṣe gba inú obìnrin ilé òun gan-an dìde sí òun. Wọ́n ní ẹkún ibẹ̀ pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ.

Ó ti kú báyìí. Aṣọ àwọn ọmọ ìjọ tó bá a lọ kò lóǹkà, wọ́n ní pósí fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè dé. Wọn kò pè mí. Kíkẹ́lọmọ mú tirẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, aṣọ tuntun, Rónkẹ́ sì dá a pa dà. Láti ibẹ̀ ló gba ọ̀dọ̀ mi wá. Ó jẹun, ó kírun nínú yàrá mi, ó wá tú ẹrù kan tó gbé wá. Kíjìpá yẹn ni. Ẹrẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ, ó ń hó dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ ṣà á pa dà sínú aṣọ.

Ó ní, "Ìyá Kékeré, aṣọ funfun nìkan ni àwọn tèmi ó fi sin mí. Mi ò lè gbé èyí lọ. Ẹ̀yin lẹ ó ṣíwájú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ bá mi gbé e fún un."

Ìsàlẹ̀ àpótí mi ló wà. Mo ti sọ fún àwọn ìyàwó ọmọ mi bí wọn ó ṣe tẹ́ ẹ sábẹ́ mi, ara mọ́ra, kí wọ́n má gbọn ẹrẹ̀ rẹ̀ dànù. Wọ́n ní bí Lawrence bá kọ̀ ńkọ́, ṣebí díákónì ni ọmọ mi. Mo ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo ní ọkùnrin tó bá gbé ẹsẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà yẹn, ọmọ mi ni o, bíṣọ́ọ̀bù ni o, kí wọ́n da omi gbígbóná lé e lórí. Omi gbígbóná kì í wọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń wẹ òkú.